Orúkọ jáde, ohùn ò jáde: ohun tójú wa rí nídìí míkísà láàárọ̀ Sọ́ńdè kan

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ará ilé sáúńdì. Ọ̀rọ̀ yìí ti tó oṣù mẹ́ta báyìí, ìtìjú ni ò jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan tó ń ṣe sáúńdì fún ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Kubwa pè mí lálẹ́, ó ní "Àǹtí, mo ti pe scene padà o, gbogbo orúkọ ló wà lójú ẹ̀, kò wá sóhùn." (Míkísà ni ẹ̀rọ tá a fi ń pa ohùn gbogbo máìkì pọ̀, scene sì ni ìtò tó ń tọ́jú sínú ara ẹ̀.) Mo kàn bú sẹ́rìn-ín ni, torí ohun tó ṣe èmi náà gẹ́lẹ́ nìyẹn. Mo wá ní kí n kúkú jókòó kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, títí kan ibi tọ́wọ́ tèmi náà ti wà nínú ẹ̀.

Lugbe ni ṣọ́ọ̀ṣì wa wà níbí ní Àbújá, lọ́nà pápá ọkọ̀ òfuurufú. Ìsìn méjì la ń ṣe lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ti Yorùbá ní 7:30, ti Gẹ̀ẹ́sì ní 10. Àárín méjèèjì ò ju ìṣẹ́jú 25 lọ, nínú ìṣẹ́jú yẹn la ó kó ìlù ìbílẹ̀ kúrò, kó ìlù òyìnbó wá, pààrọ̀ máìkì, ká sì tún yí gbogbo míkísà padà. Nígbà tá a ṣì ń lo míkísà àtijọ́ tí gbogbo bọ́tìnì ẹ̀ wà lójú, fóònù la fi máa ń ya fọ́tò ẹ̀, a ó wá máa wo fọ́tò, a ó máa yí bọ́tìnì lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn èèyàn ìsìn kejì á ti jókòó, wọ́n á máa wò wá bí ẹni ń wo eré.

X32 la ń lò báyìí, èyí tí Behringer gbé jáde ní 2012, ẹ máa bá a ní ṣọ́ọ̀ṣì tó pọ̀ gan-an. Tòkunbọ̀ la rà á. Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ló wà, nínú ilé pákó kékeré kan táwọn ọmọ ń pè ní ọkọ̀ Nóà. Lórí pẹpẹ lọ́hùn-ún, S16 méjì ló wà níbẹ̀, ìyẹn àpótí tá a ń ki wáyá máìkì bọ̀, ihò 16 ló wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wáyá kan ṣoṣo tó jọ ti íntánẹ́ẹ̀tì ló gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì wá bá wa lẹ́yìn, AES50 ni wọ́n ń pe ọ̀nà tí ohùn ń gbà wá yẹn. Àmọ́ àwọn máìkì tí ò ní wáyá, ti Pásítọ̀, ti ògbùfọ̀ àti méjì tó kù, ọ̀dọ̀ wa lẹ́yìn ni rìsífà wọn, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gba ohùn wọn látinú afẹ́fẹ́, wà, ẹ̀yìn míkísà fúnra ẹ̀ la kì wọ́n bọ̀, láti ihò 25 lọ sókè. Ẹ dákun, ẹ fi ibi yìí sọ́kàn, òun ló padà tú àṣírí.

Scene ni ibi tí míkísà ń tọ́jú gbogbo ìtò tó o bá ti ṣe sí: ibi tí fédà (bọ́tìnì tá a ń fà láti gbé ohùn sókè tàbí sílẹ̀) dúró, EQ (tó ń tún adùn ohùn ṣe), compressor (tó ń dín ohùn tó bá pariwo jù kù), orúkọ ṣánẹ́ẹ̀lì (ọ̀nà ohùn kọ̀ọ̀kan), gain (bá a ṣe ṣí ohùn tó ń wọlé tó), ibi tí ohùn ti ń wọlé, ibi tó ń gbà jáde. Àyè 100 ló wà fún un nínú X32, mẹ́rin péré là ń lò nínú ẹ̀: YORUBA 730, ENGLISH 10, VIGIL, àti MIDWEEK tó jẹ́ pé máìkì mẹ́ta ni. Ìdí tá ò fi lè fi scene kan ṣe ìsìn méjèèjì ni pé ihò kan náà là ń lò fún nǹkan méjì. Ihò 5 lórí pẹpẹ, gángan ló ń wọ ibẹ̀ ní 7:30, tó bá di 10, snare ni, ọ̀kan lára ìlù òyìnbó. Mo fi gate, ìyẹn ohun tó ń pa ohùn tó bá ti lọ sílẹ̀, sára snare torí mi ò fẹ́ máa gbọ́ ariwo ìlù tó kù nínú ẹ̀. Ẹ wá lọ fi gate yẹn sórí gángan, ẹ ti pa á nìyẹn. Gángan ń sọ̀rọ̀ ni, ó máa lù ú kíkan, á wá fún okùn, á dẹ̀ ẹ́, ohùn á máa yọ́ lọ sílẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí á fi kú, ìparí ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni gate máa gé dànù. Bàbá onígángan wa, àgbà ará Ọ̀yọ́ ni, gbọ́ ọ nínú mọ́nítọ̀, ìyẹn spíkà tó kọjú sí àwọn tó wà lórí pẹpẹ, lọ́jọ́ kan tí mo gbàgbé gate síbẹ̀, ó dáwọ́ ìlù dúró, ó wẹ̀yìn wò wá, ó ní "Ta ló ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu níbẹ̀ yẹn?" Látọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé scene ìsìn Yorùbá gbọ́dọ̀ dá dúró.

Ó dáa. Sátidé kan, choir wa ń ṣe àjọ̀dún, wọ́n wá pe ẹgbẹ́ akọrin kan láti ìta, àwọn yẹn sì mú ẹnjiníà tiwọn dání. Èmi ò sí níbẹ̀, ìkómọ àbúrò mi ló gbé mi lọ Nyanya. Mo ní kí ọmọkùnrin kan nínú wa, ọmọ ọdún 19 tó ń ka kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, bá mi dúró tì wọ́n. Ẹnjiníà yẹn dé, ó yọ fílásì, ó fi pidgin bi í pé ṣé kò sí wàhálà tóun bá gbé Show òun wọlé. Ọmọ wa ní kò sí. Ohun tó gbọ́ yé e ni pé ọkùnrin náà fẹ́ gbé scene kan sí àyè kan tó ṣófo, àgbà sì tún ni, kò fẹ́ kó dà bíi pé òun ń yẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ wò.

Àmọ́ Scene àti Show kì í ṣe nǹkan kan náà rárá. Ká ní scene jẹ́ aṣọ kan, Show ni gbogbo àpótí aṣọ náà. Tó o bá gbé scene kan wọlé látorí fílásì, àyè kan tó o yàn fún un ló máa bọ́ sí, àwọn tó kù ò ní mira. Tó o bá gbé Show wọlé, o ti gbé àpótí ẹlòmíì rọ́pò tìẹ nìyẹn. Gbogbo scene tó o ní nínú míkísà á kúrò, ti ẹni yẹn á wọlé, àtàwọn nǹkan tó ti máàkì pé kí scene ẹ̀ má ṣe fọwọ́ kàn, gbogbo ẹ̀ á bá a wọlé. Ọkùnrin náà ò ṣe wá níbi o, kí n tètè sọ ọ́. Kọ́nsáàtì yẹn dùn, wọ́n ní gbogbo ilé ló jó. Ó parí iṣẹ́, ó yọ fílásì ẹ̀, ó dágbére, ó bá tiẹ̀ lọ.

Sọ́ńdè, aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú. Iná ò sí, máì gáádì ti bá wa tan jẹnẹrétọ̀. Mo tan míkísà, mo ṣí ojú ewé scene. WORSHIP SET. PRAISE MEDLEY. MC ONLY. Mo tún wò ó. Mo yí bọ́tìnì lọ sísàlẹ̀, mo yí i padà sókè, kò sí YORUBA, kò sí ENGLISH, gbogbo nǹkan tá a ti ń tò láti bí ọdún kan ààbọ̀ ti wọgbó. Àyà mi já. Mo bi ọmọ wa pé kí ni wọ́n ṣe sí míkísà lánàá, ó ní "Àǹtí, ó kàn ní òun fẹ́ lo tòun ni, kò pa nǹkan kan rẹ́." Òótọ́ ló ń sọ, lójú tiẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú dúrọ́ọ̀. Lábẹ́ àwọn bátìrì tó ti kú àti ìwé bulletin ọdún kọ́dún, mo rí fílásì kan tí mo ti gbàgbé pé mo ní. Mo fi í sínú míkísà, ó gbà á. YORUBA 730 àti ENGLISH 10 wà lórí ẹ̀, oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni mo kó wọn síbẹ̀, lọ́jọ́ kan tí ọpọlọ mi ń ṣiṣẹ́. Ẹ kíyè sí i, scene méjì lásán ni mo kó síbẹ̀ o, mi ò kó Show.

Mo gbé YORUBA 730 wọlé, mo pè é. Fédà 25 ló wà lójú X32, mọ́tò ló ń gbé wọn, gbogbo wọn gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, ṣàà, bí ẹni pé àǹjọ̀nú fọwọ́ lé wọn. Àwọn ojú kéékèèké tó wà lókè fédà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ orúkọ, GANGAN 1, GANGAN 2, AKUBA, SEKERE, SOPRANO, ALTO, pẹ̀lú àwọ̀ tí mo fi sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ wa pariwo "Ògo!" Mo fún un lówó, mo ní kó lọ ra àkàrà wá fún wa, ewu ti kọjá.

Kò tíì kọjá o. Aago méje, bàbá onígángan dé, ó gbé ìlù kọ́ èjìká, ó lù ú. Kò sí nǹkan kan. Kì í ṣe pé ohùn kéré o, iná mítà tó ń fi hàn pé ohùn ń wọlé gan-an ò tàn. Àkúbà, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, máìkì choir mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gbogbo ẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Mo ní ó ní láti jẹ́ wáyá. A pààrọ̀ wáyá. Mo pa 48 volt, ìyẹn iná tí míkísà ń fi ránṣẹ́ sí àwọn máìkì kan, mo tún tan án, mi ò tiẹ̀ mọ ohun tí mo fẹ́ kí ìyẹn ṣe fún gángan. Mo sáré gba àárín ìjọ lọ síwájú lọ wo S16, iná aláwọ̀ ewé tó ń sọ pé òun àti míkísà ríra wà níbẹ̀ gbọin. Mo sáré padà. Bàbá wa tó ń darí choir ń fi ọwọ́ bi mí látòkè pé kí ló dé, èmi náà ń fi ọwọ́ dá a lóhùn pé ẹ ní sùúrù sà. Ó tó ogún ìṣẹ́jú gbáko tá a fi ń pààrọ̀ wáyá tí ò ṣẹ ẹnikẹ́ni, ẹni tó bá wò wá máa rò pé à ń ṣiṣẹ́.

7:30 lù. Alàgbà tó fẹ́ gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀ ò dúró de ẹnikẹ́ni, wọ́n nawọ́ mú máìkì tí ò ní wáyá, wọ́n ní "Ẹ jẹ́ ká dìde…" Spíkà hu. Fíììììì! Kì í ṣe híhu kékeré o, ìyá kan tó jókòó nítòsí spíkà ọ̀tún fi ọwọ́ méjèèjì di gèlè mọ́ etí. Mo fa fédà wálẹ̀ wàrà, mo wá ń gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ títí ohùn Alàgbà fi jáde. Wọ́n bá àdúrà lọ. Èmi náà di ojú bíi tàwọn ará yòókù, àmọ́ mi ò gbàdúrà kankan, Ọlọ́run máa dárí jì mí, mo ń rò.

Torí nǹkan kan ti bọ́ sójú mi. Máìkì yìí hu, ó túmọ̀ sí pé ohùn wọlé. Ohùn jáde ní spíkà, ó túmọ̀ sí pé ọ̀nà àbájáde dáa. Kí wá ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín máìkì Alàgbà àti gángan? Gángan ń gba orí pẹpẹ wọlé. Máìkì Alàgbà ń gba ẹ̀yìn míkísà níbí. Gbogbo ohun tó wà níwájú ti kú, gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn yè. Wáyá 20 ò lè kú pa pọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan. Àfi kí míkísà máa wo ibòmíì.

Mo ṣí Routing, ojú ewé tá a ti ń to ọ̀nà tí ohùn ń gbà. Níbẹ̀, mẹ́jọmẹ́jọ ló ń to ibi tí ohùn ti ń wọlé: 1 sí 8, 9 sí 16, 17 sí 24, 25 sí 32. Ó yẹ kí mẹ́ta àkọ́kọ́ sọ AES50 A, ìyẹn ọ̀dọ̀ S16 lórí pẹpẹ, kí ti ìkẹyìn nìkan sọ Local, ìyẹn ẹ̀yìn míkísà. Local ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ. Ọmọ ilé ti padà dé, ìyá wọn ń wo ojú ọ̀nà tí wọn ò gbà wọlé. Ẹgbẹ́ akọrin àná mú wáyá ńlá tiwọn wá, ẹ̀yìn míkísà ni wọ́n ki wáyá náà bọ̀ tààrà, Local ló sì dáa fún wọn. Bí wọ́n ṣe lọ ló ṣẹ́ kù síbẹ̀.

Ọpẹ́lọpẹ́ híhu Alàgbà tó ti kọ́ mi lọ́gbọ́n, torí mo kọ́kọ́ mute gbogbo ṣánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ni pé mo pa ohùn wọn, kí n tó yí i. Ká ní mo yí i bẹ́ẹ̀, fédà ti wà lókè, gain ti wà lókè, bàbá onígángan sì ń dán ìlù wò láìdúró, gbogbo ẹ̀ ì bá bẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kan náà sáàárín àdúrà. Mo yí mẹ́ta àkọ́kọ́ sí AES50 A, iná mítà bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Mo wá ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, choir lákọ̀ọ́kọ́. 7:41, wọ́n ti wà ní ẹsẹ kejì orin ìyìn, ohùn alto wọlé wẹ́rẹ́, mo rí i tí bàbá adarí choir mí kanlẹ̀. Mọ́nítọ̀ iwájú ṣì kú, torí pé ohùn tó ń padà lọ sórí pẹpẹ náà ní Routing tiẹ̀, ìyẹn náà ti yí, ìgbà tí wọ́n ń gba ọrẹ ni mo tó ráyè tún un ṣe. Ìsìn kejì ò fi bẹ́ẹ̀ yọ wá lẹ́nu.

Ìgbà tí ìjọ túká ni mo tó jókòó bi ara mi ní ìbéèrè tó ṣe pàtàkì. Ibi tí ohùn ti ń wọlé wà nínú scene mi. Mo pe scene yẹn. Kí ló dé tí Routing ò bá a padà? Mo tún YORUBA 730 pè níwájú ọmọ wa, a jọ ń wò ó. Kí n tó pè é mo mọ̀ọ́mọ̀ yí mẹ́jọ kan sí Local láti dán an wò. Orúkọ yí, fédà yí, EQ yí. Local dúró bí òkè Zuma.

Ojú ewé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti scene, Parsafe ni wọ́n kọ sókè ẹ̀. Ibẹ̀ lo ti máa máàkì ohun tó ò fẹ́ kí scene kankan fọwọ́ kàn: preamp (ibi tí gain wà), EQ, fédà, mute, Routing àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Máàkì wà lórí Routing. Kì í ṣe àwa la fi síbẹ̀. Ọkùnrin yẹn ni, ọgbọ́n sì ni fún un, torí ẹni tó ń ti ṣọ́ọ̀ṣì kan bọ́ sí òmíì kiri, wáyá ibì kan ò jọ tibòmíì, kò ní fẹ́ kí scene tó tò ní Kàdúná wá da Routing ẹ̀ rú ní Lugbe. Ó máa tò ó lọ́wọ́ tó bá débẹ̀, á wá tì í pa. Máàkì yẹn wà nínú Show ẹ̀, ó bá Show wọlé, ó sì kó fílásì ẹ̀ lọ láìkó máàkì náà lọ. Mo yọ ọ́, mo pe scene, mẹ́ta àkọ́kọ́ fò padà sí AES50 A fúnra wọn. Ọmọ wa fọwọ́ bo ẹnu.

Ó wá ku híhu. Èyí tèmi ni, mi ò lè tì í sọ́rùn àlejò kankan. Nígbà tí mo fi scene yẹn pamọ́ ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, rìsífà àtijọ́ la ń lò, ohùn ẹ̀ máa ń wọlé bí ẹni tebi ń pa, mo ṣí gain ẹ̀ dé 38. Lẹ́yìn ìyẹn la ra tuntun, èyí tí ohùn ẹ̀ lágbára, 14 ló ń gbà. Mo yí i sí 14 nínú scene tó wà nínú míkísà, mi ò yí tinú fílásì. Scene ò mọ̀ pé a ra nǹkan tuntun, 38 tí mo ní kó rántí ló rántí. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀: 38 yọ 14, dB 24 ló kù (dB ni ìwọ̀n tá a fi ń wọn ohùn). Gbogbo dB 6 tó bá lé, fóltéèjì iná ohùn tó ń wọlé ti di ìlọ́po méjì, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin, ìlọ́po 16 nìyẹn. Ìyá onígèlè yẹn gbìyànjú tí ò dìde lọ sílé.

Ní Túsìdé wọ́n pe ìpàdé. Alàgbà tó ń mójú tó ẹ̀rọ ní látòní lọ, àlejò kankan ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan míkísà ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, wọ́n sì fẹ́ kí ọmọ wa lọ fìdí mọ́lé fún oṣù kan. Mo kúnlẹ̀, mo ní "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tẹ́ ẹ bá máa bá ẹnì kan wí, èmi ni." Ọmọ ọdún 19 ló gba àlejò láyè, lóòótọ́, àmọ́ ta ló ní kó mọ ìyàtọ̀ Scene àti Show nígbà tẹ́nì kankan ò sọ fún un? Ta ló sì jókòó fún oṣù mẹ́rin tí ò kó nǹkan kan sórí fílásì? Ní tòdodo inú ń bí mi sí ẹnjiníà yẹn fún bí ọjọ́ méjì, pé kí ló dé tí ò kó tiwa pamọ́ kó tó gbé tiẹ̀ wọlé. Ìyẹn náà lọ. Ẹni tó ní ilé ló ń tilẹ̀kùn.

Ibi tí èmi àti ọmọ wa ti wá fa ọ̀rọ̀ ni ọ̀rọ̀ gain. Ó ní ká kúkú máàkì preamp ní Parsafe, kí gain má bá scene yí mọ́ láéláé, kò ní sí híhu mọ́. Ó dùn ún gbọ́. Mo ní ó dáa, gángan tó wà ní ihò 5 ń kọ́? Gain tí gángan ń gbà, tó o bá fi sílẹ̀ fún snare, ọ̀pá ìlù kan péré, iná pupa máa tàn ni. Ó dákẹ́. Ó ní ká wá lo Snippet, ìyẹn scene kékeré tó jẹ́ pé nǹkan díẹ̀ tó o bá yàn nìkan ló máa yí. Mo ní ká tọ́jú ìyẹn ná, àwa tá ò tíì mọ scene lò dáadáa. A wá fẹnu kò síbí: gain á máa bá scene yí, àmọ́ ọjọ́ tẹ́nì kan bá pààrọ̀ máìkì tàbí rìsífà, ọjọ́ náà ló gbọ́dọ̀ wọ inú scene mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ tún un ṣe, kó tún wọn fi pamọ́, kó sì kó wọn sórí fílásì kó tó lọ sílé. Wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ara ọkọ̀ Nóà, gain máìkì kọ̀ọ̀kan ló wà níbẹ̀, bírò la fi ń kọ ọ́. Tí míkísà bá ya wèrè, ìwé ò ní ya wèrè.

Ṣánẹ́ẹ̀lì Pásítọ̀ àti ti ògbùfọ̀, a fi àwọn yẹn sí Chansafe, kí scene má fọwọ́ kàn wọ́n. Ìdí ni pé àárín ìsìn méjèèjì gan-an ni Pásítọ̀ máa ń fẹ́ràn láti ṣèkéde, wọ́n á ti mú máìkì dání, tá a bá pe ENGLISH 10 nígbà yẹn fédà wọn á lọ síbi tí scene bá sọ, ọ̀rọ̀ á gé lẹ́nu wọn. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí, wọ́n rò pé bátìrì ló kú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbá máìkì mọ́ àtẹ́lẹwọ́.

Ohun mìíràn tá a jáwọ́ nínú ẹ̀ ni fífi scene pamọ́ lẹ́yìn ìsìn. Ọmọ wa máa ń rò pé bí ìsìn bá ti dùn, kó tètè fi í pamọ́ bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n bó ṣe wà lẹ́yìn ìsìn ni pé gbogbo choir ti wà ní mute, reverb (tó ń mú kí ohùn máa dún padà) ti wà lókè fún orin ìdágbére, ẹnì kan ti fa bass wálẹ̀ torí pé ó ń dí ìkéde lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, tó o bá pè é, òpin ìsìn ló máa fi bẹ̀rẹ̀ fún ẹ. Ìgbà tá a bá parí ìdánwò ohùn, kí èèyàn tó wọlé, ìgbà yẹn la ń fi í pamọ́ báyìí, tí kò bá sí àtúnṣe gidi kankan a kì í tiẹ̀ fọwọ́ kàn án.

Fílásì méjì la rà ní Wuse, a tò wọ́n sí FAT32, ìyẹn irú ìlànà ìtọ́jú fáìlì kan, torí òun ni míkísà mọ̀. Gbogbo Sátidé tí ìdánwò bá parí, Show ló ń lọ sórí méjèèjì, odindi àpótí, kì í ṣe aṣọ kan méjì mọ́. Àyè 99 nínú míkísà, a pè é ní ALEJO, ìtò lásán tí ò ní nǹkan kan nínú ló wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni àlejò ti máa bẹ̀rẹ̀. Tó bá sọ pé dandan òun fẹ́ gbé Show òun wọlé, kò burú, fílásì tiwa ló máa kọ́kọ́ wọlé, tó bá sì ti parí a ó gbé Show tiwa padà lójú ẹ̀, máàkì Parsafe tiwa á bá a padà.

Ẹnjiníà yẹn ti padà wá lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn ìgbà náà, fún ìsìn ìdúpẹ́ kan. Mo wà níbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó yọ fílásì ẹ̀, ọmọ wa dìde, ó tẹríba, ó ní "Good afternoon sir, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kó tiwa." Ọkùnrin náà ò gbọ́ Yorùbá, àmọ́ ó rí fílásì tó fi okùn kọ́ sọ́rùn bíi mẹ́dà, ó rẹ́rìn-ín, ó sún sẹ́yìn fún un. Kò tó ìṣẹ́jú méjì.

Fílásì kejì wà lọ́dọ̀ Alàgbà, wọ́n ní ọwọ́ àwọn ni kó máa wà torí ohun ìní ṣọ́ọ̀ṣì ni, wọ́n so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wọn. Sátidé tó kọjá tá a fẹ́ kó Show sórí ẹ̀, mo pè wọ́n. Wọ́n ní àwọn ti dé Ìlọrin.